Ohun tí Kọ̀ǹpútà Kà fún Àǹtí Mi

Èmi ni mo ka lẹ́tà tí ìjọba fi dá Àǹtí mi dúró lẹ́nu iṣẹ́ sí wọn létí, n kò sì kà á bó ṣe wà nínú ìwé. Ibẹ̀ ni mo gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ bí mo bá fẹ́ sọ bí mo ṣe kọ́ láti máa ṣe ojú-ìwé íńtánẹ́ẹ̀tì tí ẹni tí kò ríran lè kà. Bí mo bá gba ibòmíràn wọlé, ẹ ó rò pé inúure ló gbé mi débẹ̀. Ìtìjú ló gbé mi débẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí ó ti sú mi láti máa fi nǹkan pamọ́.

Àǹtí ni àkọ́bí ìyá wa, èmi ni àbíkẹ́yìn. Ọmọ ọdún méje ni wọ́n nígbà tí àìsàn gba ojú wọn. Bàbá wa, tó jẹ́ olùkọ́, kọ̀ láti fi ọmọ rẹ̀ pamọ́ sí yàrá. Ó mú Àǹtí lọ síbi tí wọ́n ti kọ́ ìwé bíréèlì tí wọ́n ń fi ìka kà, ó sì bá ilé-ìwé gíráma kan nílùú Ẹdẹ wa níbí fa ọ̀rọ̀ náà títí ilé-ìwé fi gbà. Àǹtí ni akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ tí kò ríran tó wọlé síbẹ̀. Wọ́n kọ́ títẹ̀wé, ìka wọn sì yá lórí ẹ̀rọ ju ti ẹni tí ojú rẹ̀ là lọ. Lẹ́yìn náà wọ́n rí iṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba kan ní Òṣogbo, wọ́n ń dáhùn tẹlifóònù. Fún ọdún mẹ́tàlá, ohùn Àǹtí mi ni gbogbo ẹni tó bá tẹ ọ́fíìsì náà láago kọ́kọ́ ń gbọ́.

Ìgbà tí àwọn ológun tó ń ṣèjọba bẹ̀rẹ̀ sí í dín òṣìṣẹ́ kù ni ìránṣẹ́ ọ́fíìsì gbé lẹ́tà kan wá sílé. Àǹtí nà án sí mi. Ìlà mẹ́ta péré ló wà nínú rẹ̀, ohun tó sì wí ni pé ọ́fíìsì kò nílò iṣẹ́ Àǹtí mọ́. Mo wo ojú Àǹtí. Wọ́n tẹ́tí, wọ́n gbórí sókè díẹ̀ bí ìṣe wọn, bí ẹni tó ń retí kí òjò bẹ̀rẹ̀.

Mo ní, "Wọ́n ní kí ẹ lọ sinmi ná. Wọ́n máa ránṣẹ́ pè yín."

Ọ̀sẹ̀ méje gbáko ni Àǹtí fi ń wẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, tí wọ́n á wọ bàtà iṣẹ́, tí wọ́n á jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, tí wọ́n á máa tẹ́tí sí gbogbo alùpùpù tó bá ń bọ̀. Mo ń wò wọ́n. Lójoojúmọ́ ni mo ń sọ fún ara mi pé ọ̀la ni n ó sọ. Mo rò pé àánú ni, ṣùgbọ́n nígbà tí mo yẹ ọkàn mi wò dáadáa, ẹ̀rù ni mo bá níbẹ̀: n kò fẹ́ jẹ́ ẹni tí ohùn rẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tó wá sọ ọ́ ni obìnrin kan tí òun náà ti bá wọn ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì. Ní ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ni ó ti dì mọ́ Àǹtí, ó ní, "Ẹ kú ìrọ́jú o, àwa tí wọ́n lé bí ẹran."

Àǹtí délé, wọn kò pariwo. Wọ́n ní, "Ka lẹ́tà yẹn fún mi lẹ́ẹ̀kan sí i."

Mo kà á.

"Kí ló dé tí o ò kà á bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn?"

"Mi ò fẹ́ kí ọkàn yín bàjẹ́ ni, Àǹtí."

"Ọkàn tèmi àbí ọkàn tìẹ?" Wọ́n ní, "Ojú ni mo fọ́ o. Mi ò ya òpè."

Láti ọjọ́ náà, bí lẹ́tà bá dé fún Àǹtí, ẹni méjì ni wọ́n ń fún kà. Wọ́n á kọ́kọ́ gbé e fún aránṣọ tó wà níwájú ilé wa, lẹ́yìn náà fún olùkọ́ kan lẹ́yìnkùlé, láìjẹ́ kí ọ̀kan mọ̀ nípa èkejì. Bí ohun tí àwọn méjèèjì kà bá dọ́gba, Àǹtí á gbà á gbọ́. Èmi tí mo wà nínú ilé, tí mo gboyè yunifásítì, wọn kò fún mi ní nǹkan kan kà mọ́. Ó dùn mí ju bí ẹni pé wọ́n gbá mi létí lọ.

N kò níṣẹ́ lọ́wọ́ nígbà náà. Mo ti ṣe àgùnbánirọ̀ fún ọdún kan, mo sì ti kọ lẹ́tà ìwáṣẹ́ títí tí n kò fi mọ ẹni tí mo ń kọ ọ́ sí mọ́. Ilé ìkọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà kan wà lójú ọ̀nà tó lọ sí Ṣẹ́kọ́nà. Ọ̀gá ibẹ̀ gbà kí n máa kọ́ àwọn ènìyàn ní títẹ̀wé, kí èmi náà máa lo kọ̀ǹpútà nígbàkígbà tí iná bá wà tí kò sí oníbàárà. Ìwé kan tí wọ́n ti ṣe ẹ̀dà rẹ̀ títí tí lẹ́tà fi ń parẹ́ ni mo fi kọ́ bí a ṣe ń to àmì kan tẹ̀lé èkejì kó tó di ojú-ìwé íńtánẹ́ẹ̀tì. Íńtánẹ́ẹ̀tì gan-an kò sí ní Ẹdẹ. Ohun tí mo bá ṣe, orí dísìkì pẹlẹbẹ kan ni mo ń kó o sí, ọ̀gá á sì mú un lọ sí Ìbàdàn, níbi tí ẹnì kan tó ní wáyà tẹlifóònù tó dára á ti bá wa fi í ránṣẹ́ sókè òkun.

Ní àpéjọ ṣọ́ọ̀ṣì kan ni Àǹtí ti pàdé olùkọ́ kan láti Ìbàdàn, ọkùnrin tí òun náà kò ríran. Ó sọ fún wọn pé wọ́n ta ilé-ẹ̀kọ́ òun lọ́rẹ kọ̀ǹpútà kan tó ń sọ̀rọ̀. Ohunkóhun tí a bá kọ sójú rẹ̀, á kà á síta, lẹ́tà kan kò ní í ṣẹ́ kù. Àǹtí dé, wọ́n dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá mi. Wọn kì í wá síbẹ̀ mọ́.

"Èyí tí ò ń ṣe ní ojú ọ̀nà Ṣẹ́kọ́nà yẹn, ṣé kọ̀ǹpútà tó ń sọ̀rọ̀ lè kà á?"

"Á kà á, Àǹtí."

N kò mọ̀ bóyá á kà á. Inú mi dùn débi pé n kò lè sọ pé n kò mọ̀.

Wọ́n ní, "Ó dáa. Ẹ̀rọ ò ní í mọ̀ pé àánú mi yẹ kó ṣe òun."

Ọdún náà ni ilé-ìwé gíráma tí Àǹtí lọ fẹ́ ṣe àjọ̀dún. Ìgbìmọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ fẹ́ tẹ kàlẹ́ńdà ńlá, wọ́n sì fẹ́ ojú-ìwé íńtánẹ́ẹ̀tì kí àwọn ọmọ Ẹdẹ tó wà lókè òkun lè rí i. Alága wọn, oníṣòwò sìmẹ́ńtì kan tí gbogbo ìlú mọ̀, bẹ Àǹtí pé kí wọ́n kọ ìtàn ilé-ìwé náà. Àǹtí fi oṣù mẹ́ta rìn. Wọ́n lọ sí Alájué lọ bá ìdílé tó fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún ilé-ìwé náà, àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n ṣì ń bọ òrìṣà wọn títí di òní. Baálé ibẹ̀ fi ẹ̀rín sọ fún wọn pé nígbà tí àwọn onígbàgbọ́ wá tọrọ ilẹ̀, igi òrìṣà kan ṣoṣo ni bàbá òun ní kí wọ́n má gé, abẹ́ igi náà sì ni gbogbo ọmọ ilé-ìwé ń sá sí bí oòrùn bá mú. Àǹtí fi í sínú ìtàn náà. Ojú-ewé mọ́kànlá ni wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀ lórí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wọn, kò sí àṣìṣe kan. Alága ṣèlérí pé orúkọ Àǹtí àti àwòrán wọn máa wà lórí kàlẹ́ńdà. Èmi ni mo mú wọn lọ sílé ayàwòrán. Wọ́n gbé orí sókè, wọ́n ń béèrè lẹ́nu kan pé, "Ṣé mo kọjú sí i? Ṣé kì í ṣe ògiri ni mo kọjú sí?"

Kàlẹ́ńdà jáde. Àwòrán Àǹtí kò sí níbẹ̀. Ìtàn náà wà lábẹ́ rẹ̀ ní lẹ́tà wínníwínní, wọ́n sì kọ ọ́ sí i pé Alága ló kọ ọ́.

Mo lọ bá Alága ní ṣọ́ọ̀bù wọn. Mo dọ̀bálẹ̀, mo sì béèrè ọ̀rọ̀ náà bí ẹni tó ń tọrọ omi.

Alága ní, "Wò ó, ọmọ mi, ara ògiri ni wọ́n ń gbé kàlẹ́ńdà kọ́. Ṣé kí aráyé máa wo ojú tó dí láti Jánúárì dé Dìsẹ́ḿbà ni?" Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n rẹ kúkú ni, kò ní í rí i. Ta ló fẹ́ sọ fún un, àfi ìwọ?" Wọ́n gbọ́wọ́ lé mi léjìká. "Ilé-ìwé fẹ́ gba olùkọ́ kọ̀ǹpútà. O gbọ́ àbí? Ṣáà jẹ́ kí ti íńtánẹ́ẹ̀tì yẹn rí bí kàlẹ́ńdà yìí gẹ́lẹ́."

Mo ní, "Ẹ ṣeun, sà." Mo dúpẹ́. Mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí, ọrùn mi sì tún ń gbóná.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí mo ṣe ṣe iṣẹ́ náà, nítorí àṣìṣe àwa ará ibí ni. Kò sí pálọ̀ kan ní Ẹdẹ tí kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́ kan tàbí òmíràn kò sí lára ògiri rẹ̀. Ibẹ̀ la ti ń mọ ẹni tó jẹ́ ènìyàn: ẹni tó wà láàárín, ẹni tó wà lápá ọ̀tún, ẹni tí wọ́n jù sí ìsàlẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n ní kí n ṣe ojú-ìwé, kàlẹ́ńdà ni èmi náà rí lọ́kàn. Mo gbé e lọ sí Òṣogbo níbi tí wọ́n ti ní ẹ̀rọ tó ń ya ìwé sínú kọ̀ǹpútà. Mo ya gbogbo rẹ̀, fọ́tò àti ìtàn pẹ̀lú, mo gé e sí àwòrán mẹ́rìnlélógún, mo sì tò wọ́n jọ. Kò sí ọ̀rọ̀ kan tí mo tẹ̀. Ìgbìmọ̀ wá wò ó, wọ́n rọ́ yí kọ̀ǹpútà ká.

Akọ̀wé wọn ní, "Sún mi sókè díẹ̀. Ta ló gbé fìlà mi sábẹ́ ẹsẹ̀ akápò?"

Akápò dá a lóhùn pé, "Ibi tí o wà nínú ẹgbẹ́ náà nìyẹn. Kọ̀ǹpútà kì í purọ́."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín.

Màmá wa gbé kàlẹ́ńdà kan kọ́ sí pálọ̀ wa. Ojú wọn kò ríran dáadáa mọ́, wọ́n rò pé ọmọ àwọn wà láàárín àwọn onífìlà yẹn, n kò sì tún ọ̀rọ̀ náà ṣe. Abẹ́ rẹ̀ gan-an ni àga Àǹtí wà. Lọ́jọ́ kan tí à ń jẹun, Àǹtí bi mí pé, "Àwòrán mi jáde dáadáa?"

Mo ní, "Wọn ò tíì to ti íńtánẹ́ẹ̀tì tán."

Àǹtí fọwọ́ wá ife omi wọn. Wọ́n ní, "Kò burú. N ó gbọ́ ọ fúnra mi ní Ìbàdàn."

A lọ sí Ìbàdàn nígbà tí epo bẹntiróòlù kò sí. Wákàtí mẹ́ta la fi dúró ní oríta Ṣẹ́kọ́nà kí ọkọ̀ tó rí wa gbé. Àǹtí gbé dísìkì náà sínú Bíbélì bíréèlì kan tí wọ́n gbé lé itan, kó má bàa tẹ̀. Ní gbogbo ọ̀nà ni mo ń gbìyànjú láti sọ̀rọ̀. Mo ti to gbólóhùn náà sẹ́nu. Ní ìgbà tí a dé Ìbàdàn, ó ṣì wà níbẹ̀.

Olùkọ́ náà fi dísìkì sínú ẹ̀rọ, ó tẹ nǹkan kan, ó sì fi Àǹtí jókòó síwájú. Ohùn kan jáde, ó ń gba imú sọ Gẹ̀ẹ́sì. Ó ní: "Àwòrán." Ó sinmi. "Àwòrán. Àwòrán. Àwòrán." Ìgbà mẹ́rìnlélógún. Lẹ́yìn náà ó dákẹ́.

Àǹtí dúró. Wọ́n rò pé ó ń bọ̀ ni. Wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì lé tábìlì, wọ́n gbé orí sókè díẹ̀, bí ọjọ́ lẹ́tà.

Ohun tí mo ní láti jẹ́wọ́ ni pé ara tù mí. Ìtura bá mi débi pé mo mí kanlẹ̀. Bí ẹ̀rọ kò bá lè kà á, kò lè sọ ohun tó wà níbẹ̀, n kò sì ní í jẹ́ olófòófó tàbí ọ̀dàlẹ̀. Títí di òní ni mo ń bi ara mi bóyá àìmọ̀ lásán ni mo fi ṣe ojú-ìwé yẹn lódindi ní àwòrán, àbí ibì kan wà nínú mi tó mọ̀.

Àǹtí ní, "Kí lo ń mí kanlẹ̀ fún?"

Olùkọ́ ni ó dáhùn, ó ń rẹ́rìn-ín. "Àbúrò yín kọ́lé, kò yọ ilẹ̀kùn." Ó fà mí jókòó. "Ẹ̀rọ yìí kò lójú, gẹ́gẹ́ bíi tèmi. Lẹ́tà ni ó ń kà. Tẹ ọ̀rọ̀ rẹ bí ọ̀rọ̀. Bí o bá gbé àwòrán síbẹ̀, kọ ọ̀rọ̀ sẹ́yìn rẹ̀, kó sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún ẹni tí kò rí i. Ibi tí o bá sì fẹ́ kí èèyàn tẹ̀, sọ ibi tó ń lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ríran, 'tẹ ibí, tẹ ibí': ibo ni ibí?"

Àǹtí dìde. Wọ́n ní, "Tún un ṣe. A ó padà wá lóṣù tó ń bọ̀."

Oṣù náà ni mo kọ́ iṣẹ́ yìí ní tòótọ́. Mo tẹ ojú-ewé mọ́kànlá náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo máa ń fi aṣọ bo ojú kọ̀ǹpútà, kí n lè mọ bí ó ti rí láti wà níbẹ̀ láìríran, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé eré ni mo ń ṣe, nítorí pé bó bá sú mi, n ó ṣí aṣọ. Mo kọ ọ̀rọ̀ sẹ́yìn àwòrán kọ̀ọ̀kan: Alága, wọ́n dé fìlà, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Akápò, wọn kò rẹ́rìn-ín. Ibi tó ṣòro ni ìlà orúkọ ẹni tó kọ ìtàn. Lọ́jọ́ kan mo tẹ orúkọ Àǹtí síbẹ̀. Mo wò ó, ó dára. Ẹ̀rọ á kà á ní Ìbàdàn, inú wọn á dùn, wọn kò sì ní í mọ̀ láé. Ìgbà náà ni mo rí i pé lẹ́tà ọjọ́ yẹn ni mo tún ń kà. Mo pa á rẹ́.

Mo padà lọ bá Alága, mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí n fi orúkọ ẹni tó ni iṣẹ́ sí i. Wọ́n wo ojú-ìwé tuntun náà.

Wọ́n ní, "Kí ni gbogbo lẹ́tà yìí? Ta ni yóò kà á?" Nígbà tí mo sọ ẹni tí yóò kà á, ojú Alága yí padà. Dísìkì tàkọ́kọ́, èyí tó jẹ́ kìkì àwòrán, ni wọ́n fi ránṣẹ́ sókè òkun. Iṣẹ́ olùkọ́ kọ̀ǹpútà náà bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Kí n má purọ́, mo sunkún nítorí iṣẹ́ náà ju bí mo ṣe sunkún nítorí Àǹtí lọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí a fẹ́ padà lọ sí Ìbàdàn, mo ní, "Àǹtí, ọ̀rọ̀ kan wà nípa kàlẹ́ńdà yẹn."

Wọ́n ń di ìbòrí wọn. Wọ́n ní, "Ṣé o ti kọ ọ́ síbẹ̀?"

"Mo ti kọ ọ́."

"Má wulẹ̀ sọ ọ́ fún mi, nígbà náà."

Ẹ̀rọ náà ka ìtàn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, igi òrìṣà Alájué àti gbogbo rẹ̀. Ètè Àǹtí ń bá a lọ díẹ̀díẹ̀, wọ́n mọ ọ̀rọ̀ wọn sórí. Lẹ́yìn náà ó kà á pé Alága ló kọ ọ́. Ó pe orúkọ Alága bí ẹni tó ní iṣu gbígbóná lẹ́nu. Ètè Àǹtí dúró. Ó ka àwọn àwòrán, fìlà kan tẹ̀lé òmíràn. Mo ti kọ gbólóhùn kan sẹ́yìn àwòrán tó kẹ́yìn, ẹ̀rọ náà sì kà á pẹ̀lú ohùn tó fi ka ìyókù: "Àwòrán ẹni tó kọ ìtàn yìí kò sí níbí. Wọ́n yọ ọ́ kúrò. Àbúrò rẹ̀ mọ̀ láti ọjọ́ kìíní, kò sì sọ."

Olùkọ́ náà wúkọ́, ó sì rọra jáde.

Àǹtí ní, "Ní kó tún un kà."

Mo tẹ̀ ẹ́, ó tún un kà.

"Bákan náà ló kà á," ni Àǹtí wí. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n sọ nìyẹn títí a fi dé Ẹdẹ. Nínú ọkọ̀, wọn kò di apá mi mú.

Bí a ṣe wọlé, wọ́n lọ tààrà sí ara ògiri pálọ̀, wọ́n ń fọwọ́ wá a títí ọwọ́ fi bà á. Wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ ra kàlẹ́ńdà náà láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Wọ́n ní, "Ó dán."

Mo sáré dé ẹ̀gbẹ́ wọn. "Ẹ jẹ́ kí n yọ ọ́, Àǹtí."

"Fi í síbẹ̀." Wọ́n jókòó sórí àga wọn lábẹ́ rẹ̀, wọ́n bọ́ bàtà. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ríran lẹ gbé e kọ́. Ẹ máa wò ó."